TA NI YÓÒ BỌ́ WA NÍGBÀ ÌYÀN?

Àwọn àgbà ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí kò ní aṣọ púpọ̀ lè fara mọ́ èyí tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò lè fa ẹní rẹ̀ lọ sí igun tí kò jò. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo kò ní igun kankan tí yóò sá sí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn oúnjẹ ní ìlú wa Ìjàgbo àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀fà.

Èrò mẹ́ta kan wà tí ó ti ta gbòǹgbò láàárín wa. Mo gbà pé bí a kò bá fà wọ́n tu, ìyàn ọ̀la yóò bá wa lójú oorun gẹ́gẹ́ bí ti àná ti bá wa. Èrò kìíní ni pé ìjọba ni yóò bọ́ wa. Èkejì ni pé bí oúnjẹ bá wọ́n, ẹ̀bi àwọn obìnrin ọjà ni, kí a ṣáà fi agbára dá iye lé ọjà wọn, gbogbo rẹ̀ yóò sì rọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ oko kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tí ó mọ̀wé. Mo sọ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣìnà, bí a sì ti ń gbà wọ́n gbọ́ ni a ń fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ kòtò fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ojú wa ti rí. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà wọ ilẹ̀ wa, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Nínú oṣù Kẹrin, ìpínlẹ̀ Kwárà náà ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀nà dí, ọjà pa rọ́rọ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé ohun tí ó bá tà láàárọ̀ ni yóò fi se ọbẹ̀ alẹ́ di ẹni tí ń wo ojú ọ̀run. Ìròyìn kàn pé oúnjẹ ìrànwọ́ ń bọ̀, gbogbo wa sì ń dúró. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àwọn ènìyàn já ilé tí a kó oúnjẹ náà pamọ́ sí ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì kó o lọ. Ìlọrin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Èmi kò gbè fún ìkógun. Ìwà tí ó ba ìlú jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni pé ebi wà níta, oúnjẹ wà nínú ilé tí a tì, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tí ará ìlú gbẹ́kẹ̀ lé tí ìbá so méjèèjì pọ̀ láìjá ìlẹ̀kùn.

A kò tíì nu ojú nígbà tí òmíràn dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí. Epo tí a ń rà ní iye tí kò tó ₦200 lítà kan kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ pé kò sí oúnjẹ tí kì í wọ ọkọ̀: bí owó ọkọ̀ bá gòkè, ata gòkè, gàrí gòkè, iyọ̀ pàápàá gòkè. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún náà, ìjọba kéde pé ọ̀ràn oúnjẹ ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Bí ó ti wù kí ìkéde náà pọ̀ tó, nígbà tí oṣù Kẹfà ọdún 2024 dé, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé oúnjẹ tí a ń fi ₦100 rà ní ọdún kan ṣáájú ti di nǹkan bíi ₦141. Owó oṣù olùkọ́ kò bá a gòkè bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbà á sì mọ̀.

Nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2024, ohun tí kò yẹ kí ojú rí ni ojú rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ní ìlú Ìbàdàn, àwọn ọmọdé kún pápá ilé-ìwé kan fọ́fọ́ nítorí ẹ̀bùn ọdún tí a ní a ó pín. Èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀, ọmọ 35 sì kú. Ní ọjọ́ kẹta sí i, ọjọ́ 21, èrò tún tẹ èrò pa níbi ìpín oúnjẹ ní Àbújá àti ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anámbra. Ọmọ 35! Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka àwọn ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì yín lọ́la, kí ẹ sì ronú pé gbogbo wọn jáde lọ gba ẹ̀bùn, kò sì sí èyí tí ó padà wálé. Kì í ṣe pé ẹni tí ó fẹ́ ṣe àánú kò ní àánú. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ni kò dára: a pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí ojú kan, a gbé oúnjẹ díẹ̀ sí àárín, a sì ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Nísisìnyí, mo padà sí èrò kìíní, pé ìjọba ni yóò bọ́ wa. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Agbo ilé kan wà tí ẹni mẹ́fà ń jẹun nínú rẹ̀, kóńgò ìrẹsì kan ni wọ́n sì ń jẹ lóòjọ́. A fún wọn ní kóńgò mẹ́rin. Ọjọ́ mélòó ni yóò gbé wọn dé? Ọmọ kékeré inú yín lè dáhùn: ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ńkọ́? Ẹ ṣe ìṣirò náà bí ẹ ti fẹ́, ẹ sọ kóńgò mẹ́rin di mẹ́jọ, ẹ sọ ọ́ di odindi àpò, ìdáhùn rẹ̀ kì yóò ju pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò tán. Àpò ìrẹsì kì í bímọ. Ṣùgbọ́n ìtàkùn ànàmọ́ ń bímọ. Bí a bá gbìn ín sí ilẹ̀ wa yìí nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin a ó wú u, a ó jẹ ẹ́, a ó fi ewé rẹ̀ bọ́ ewúrẹ́, a ó sì tún gé ìtàkùn rẹ̀ gbìn sí ebè mìíràn. Gbogbo ayé mọ Ọ̀fà mọ ànàmọ́ àti àgbàdo. Ó ha yẹ kí ẹni tí ó jókòó lórí ilẹ̀ ànàmọ́ máa tẹ́ ọwọ́ gba ìrẹsì tí ó ti òkè òkun wá?

Ẹnìkan lè sọ pé, "Olùkọ́, o ń dá ìjọba láre." Rárá o. Iṣẹ́ ìjọba ni láti tún ọ̀nà oko ṣe, láti dáàbò bo àgbẹ̀ nínú oko rẹ̀, láti rí i pé owó ìlú kò bọ́ sápò ẹnìkan. Bí kò bá ṣe é, a ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáradára: ẹni tí ebi ń pa kò lè bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹni tí ó ń retí kóńgò kan lọ́wọ́ rẹ kò lè wò ọ́ lójú kí ó sọ pé o ṣìṣe. Ìlú tí ó ní oúnjẹ nínú àká rẹ̀ ni ó ní ohùn lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìjọba ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé ọkọ́.

Mo bọ́ sí èrò kejì, èyí tí ó di ẹ̀bi ru àwọn obìnrin ọjà. Ìtàn ti dáhùn èyí ṣáájú kí a tó bí púpọ̀ nínú wa. Nígbà ogun àgbáyé kejì, láàárín ọdún 1941 sí 1945, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn ní Èkó. Kápítéènì A. P. Pullen ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ètò náà títí di òní. Èrò rẹ̀ dà bí ohun tí ó dára: kí oúnjẹ má baà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ọjà ké pé iye tí a dá kò tó iye tí àwọn fúnra wọn fi rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n tún fi san owó ọkọ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gàrí kúrò lójú ọjà. Ó bọ́ sí kọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ọ̀wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òfin wà lórí ìwé, ebi wà nínú ilé.

Ta ni ó dìde? Kì í ṣe amòfin, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá ẹlẹ́ja kan ni, Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Kò mọ ìwé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti í kó ènìyàn jọ: ọjà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, gbogbo àwọn olórí ń pàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń fi owó náà gba akọ̀wé àti lọ́yà. Wọ́n fi owó lọ ìyá yìí kí ó lè ti ètò náà lẹ́yìn. Ó kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1945 ìjọba mú òfin náà kúrò. Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa? Ó kọ́ wa pé ọ̀wọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin tí ó jókòó ti igbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín ọ̀wọ́n kù, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oúnjẹ ti ń wá, kí ó sì pe ẹni tí ń tà á sí ìjókòó, kí ó má ṣe rán ọlọ́pàá sí i.

Ìtàn kan tún wà tí ó kan àwa olùkọ́ gan-an. Nígbà ogun yìí kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń tà á ní Abẹ́òkúta, wọn kò sì san iye tí ó tọ́. Olùkọ́ kan wà ní ìlú náà, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ọkọ rẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé-ìwé gíga Abẹ́òkúta, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Ìyá yìí ti kó àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé jọ ní ẹgbẹ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ilé. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọlúwàbí ni, tí kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn oníṣòwò ní ìwé kíkà, ó gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, kò sì lè jókòó mọ́. Ẹgbẹ́ náà bá wọn gbé ọ̀ràn ìrẹsì náà dé iwájú ìjọba àti dé inú ìwé ìròyìn títí a fi dá ìgbésẹ̀lé náà dúró. Ní ọdún 1946 ẹgbẹ́ kékeré náà di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta, alákọ̀wé àti oníṣòwò. Agbára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nínú ìjà wọn lórí owó orí, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ibi tí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀: láti orí olùkọ́ kan tí ó jókòó ti oníṣòwò kan tí ó sì fetí sílẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti lọ sí ọjà Ọwọ́dé rí, kì í ṣe láti ná ọjà, bí kò ṣe láti béèrè lọ́wọ́ ìyá alátà ohun tí ń jẹ èrè rẹ̀? À ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, à ń bú u ní ọ̀sán pé ó ń gbówó lé ọjà. Ìyẹn kò bójú mu.

Èrò kẹta ni ó burú jù, nítorí àwa fúnra wa ni a ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti kọ́ ní ilé-ìwé kan níbi tí ó jẹ́ pé ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, a ó fún un ní àdá kí ó lọ ṣán koríko. Ọmọ tí ó bá pariwo nínú kíláàsì, a ó fún un ní ọkọ́ kí ó lọ kọ ebè. Ọmọ tí ó bá ṣe dáradára ńkọ́? Yóò jókòó sábẹ́ òjìji, yóò máa wo àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni èmi náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì rí nǹkan tí ó burú níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ni mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́la. Dókítà pọ̀, lọ́yà pọ̀, sọ́jà wà níbẹ̀. Mo ní, "Àgbẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan dìde, ó ní, "Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?" Ìdáhùn yẹn gún mi lọ́kàn bí ẹ̀gún. Lójú ọmọ náà, ọkọ́ ni ẹ̀wọ̀n ilé-ìwé, èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó bí a ti ń ṣe ìkórè pẹ̀lú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni a ń gbé iṣu àti àgbàdo wá síwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, mélòó nínú iṣu wọ̀nyí ni kì í ṣe èyí tí a sáré rà lọ́jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà? A ń dúpẹ́ ìkórè láìkórè. A ń fi owó ra ohun tí a ó fi hàn pé a ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tàbí tí kò ní agbára, n kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ìjọ tí ó ní ilẹ̀ tí koríko bò lẹ́yìn ilé ìsìn rẹ̀, kí ni yóò sọ?

Kí ni kí a wá ṣe? Èmi kò ní mú ohun àjèjì wá. Àwọn baba wa ti ní in kí ìwé tó dé. Wọ́n ní aáro: èmi àti ìwọ àti ẹnìkẹta, a ó ro oko mi lónìí, a ó ro tìrẹ lọ́la, a ó ro ti ẹnìkẹta ní ọ̀tunla. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ yóò pe ará àdúgbò, yóò sì se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n ní èésú àti àjọ fún ọ̀ràn owó. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi kọ́ ilé. Àwa tí a mọ̀wé ni a sọ nǹkan wọ̀nyí di ìdáhùn ìdánwò, tí a ń kọ ìtumọ̀ aáro sínú ìwé láìṣe aáro rí.

Èkíní, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní Ìjàgbo yọ ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀, kí a sì fi aáro ro ó. Kí a gbin ohun tí ń tètè jinná pọ̀ mọ́ ohun tí ń pẹ́: ẹ̀wà àti ànàmọ́ fún oṣù díẹ̀, ẹ̀gẹ́ fún ọdún tí ń bọ̀. Kí a má ṣe gbé gbogbo ìrètí wa lé àgbàdo nìkan. Ẹ rántí kòkòrò ajẹ̀wé àgbàdo tí ó wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2016, tí ó sì jẹ oko ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ run. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́ pápá ìṣeré àti ọgbà òdòdó wọn, wọ́n gbin ọ̀dùnkún àti ewébẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tí ó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Koríko iwájú ilé-ìwé wa kò mọ́ ju tiwọn lọ.

Èkejì, kí ìlú ní àká. Òótọ́ kan wà tí ó ń tì wá lójú: nígbà ìkórè, nígbà tí oúnjẹ pọ̀, àgbẹ̀ wa ń tà á ní ọ̀pọ̀ nítorí gbèsè àti owó ilé-ìwé, ọkọ̀ ẹrù ń gbé e lọ sí ìlú ńláńlá. Nígbà tí òjò tuntun bẹ̀rẹ̀, tí oko kò tíì so, àgbẹ̀ yìí kan náà ń padà ra oúnjẹ ní ọ̀wọ́n. Ó ta ní ọ̀pọ̀, ó rà ní ọ̀wọ́n. Nínú àlàfo méjèèjì ni ìṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà tí ó lè ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìkórè ní iye tí ó dára, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì tà á padà fún ará ìlú nígbà ọ̀wọ́n láìfi èrè púpọ̀ lé e, àlàfo náà yóò dín. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ní idán nínú. Ẹ̀wà tí ó gbẹ dáradára, tí a rọ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, tí a sì dé e pinpin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú fúnra rẹ̀. Ìyẹn sàn ju oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sí ẹ̀wà lọ, èyí tí ó ń pa kòkòrò tí ó sì ń pa ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, ọ̀ràn kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mọ ìtàn Jósẹ́fù ní Íjíbítì, bí ó ti kó ìdá márùn-ún irè pamọ́ ní ọdún méje ọ̀pọ̀, tí kò sì jẹ́ kí ìyàn ọdún méje pa ilẹ̀ náà run. A fẹ́ràn láti wàásù lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sábà ka ìtàn náà dé òpin: ní ìkẹyìn, àwọn ará Íjíbítì fi ẹran ọ̀sìn wọn ra oúnjẹ, wọ́n fi ilẹ̀ wọn rà á, wọ́n sì fi ara wọn rà á, títí gbogbo ilẹ̀ fi di ti Fáráò. Ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ àká mú ni ó di ọrùn ìlú mú. Nítorí náà, kí àká Ìjàgbo ní àgádágodo mẹ́ta: kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ mọ́sálásí, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Kí olùkọ́ ṣe akọ̀wé, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn lóṣooṣù.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà ìpín. Ìjọ àwọn Àpọ́stélì pàápàá bá ìjà pàdé lórí ìpín oúnjẹ, nígbà tí a gbàgbé àwọn opó kan. Wọn kò sọ pé kí àwọn opó lọ máa gbàdúrà. Wọ́n yan ọkùnrin méje tí a mọ̀ sí olóòótọ́ fún iṣẹ́ náà. Kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a kọ orúkọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì rọ̀ wá: opó, arúgbó tí kò ní ọmọ nítòsí, aláìsàn, aboyún. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè lè ṣe èyí ní ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ó dára ju èyí tí ó wà nínú ìwé lọ. Nígbà tí ìyàn bá dé, kí oúnjẹ lọ bá ènìyàn nínú ilé rẹ̀. Kí ènìyàn má ṣe lọ bá oúnjẹ ní pápá. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, ọmọ 35 ìbá wà láàyè.

Mo mọ̀ pé àtakò yóò wà. Ẹnìkan yóò ní olè yóò wú ànàmọ́ wa. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n oko tí ogójì agbo ilé ní ìpín nínú rẹ̀ ní ọgọ́rin ojú tí ń ṣọ́ ọ. Ẹlòmíràn yóò ní màlúù yóò jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, ọ̀ràn náà sì le; ṣùgbọ́n oko tí ó wà láàárín ìlú, lẹ́yìn ilé-ìwé àti ilé ìsìn, rọrùn láti ṣọ́ ju èyí tí ó wà ní igbó lọ. Ẹlòmíràn yóò ní a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ rí, akápò sì kó owó jẹ. Èmi náà mọ irú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, kí a sì máa ka ìṣirò ní gbangba. A kì í torí pé eku jẹ aṣọ kan kí a máa rìn ní ìhòòhò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ilé-ìwé kò ní tì nítorí ohun tí mo ń béèrè yìí. Ọ̀sẹ̀ kan nínú sáà kan, ebè díẹ̀, ìwé orúkọ kan, àgádágodo mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: láti ọ̀la lọ, ẹ má ṣe fi ọkọ́ jẹ ọmọ níyà mọ́. Ọmọ tí ó bá ṣe dáradára jù nínú kíláàsì, òun ni kí ẹ fún ní ebè kìíní, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wú ohun tí ó gbìn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé ni òdìkejì oko. Pẹlẹ́wùrà kò mọ̀wé, ó gba Èkó lọ́wọ́ òfin ebi; ìyá Ransome-Kuti mọ̀wé, ó sì fi ìwé rẹ̀ sin àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwé àti ọkọ́ àti igbá ọjà, nígbà tí wọ́n bá pàdé ni ìlú tó jẹun. Òjò yóò tún rọ̀ ní oṣù Kẹrin. Bí ẹnìkan bá tún bi yín nígbà náà pé, "Ta ni yóò bọ́ wa?" kí ìdáhùn yín jẹ́ ebè tí ẹ kọ, kí ó má ṣe jẹ́ ojú tí ẹ gbé sí ojú títì, tí ẹ ń wò bóyá ọkọ̀ ìrẹsì ń bọ̀.